Ọmọ Mi Sójà Amẹ́ríkà Ń Bọ̀ Wálé fún Ìgbéyàwó: Ṣé Ó Lè Wọ Aṣọ Ológun Wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà nínú Army ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Texas níbí, ipò Specialist ló wà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn lóṣù Kejìlá. Bàbá wọn ń fẹ́ kó wọ aṣọ sójà rẹ̀ láti Houston, kó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà, kó sì fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní bí àwọn tó wà lójú ọ̀nà bá rí i, wọn ò ní yọ wá lẹ́nu. Àbúrò mi tó ti kúrò nínú Army náà fẹ́ wọ tirẹ̀. Èmi alára ti ra aṣọ kamọ́fíláàjì fún ọmọ kéékèèké méjì tí yóò tẹ̀ lé ìyàwó. Ọmọ mi ní kò ṣeé ṣe, bàbá ní ìtìjú ló ń ṣe é. Ta ló jàre? — Ìyá Ìyàwó, Houston

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìyàwó, mà. Ọmọ yín ló jàre, kì í sì í ṣe ìtìjú ló ń ṣe é. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ níbi iṣẹ́ ló ń sọ. Bó bá wọ aṣọ sójà kúrò nílé yín ní Houston, òfin mẹ́ta ni aṣọ yẹn máa bá pàdé kó tó dé Ìbàdàn: òfin Army fúnra rẹ̀, òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún ológun tó bá ń jáde kúrò nílùú, àti òfin Nàìjíríà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fàyè gba ohun tí bàbá ń rò. Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bàbá gbà pé ìyẹn á ṣe ọmọ lóore lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ gan-an lewu ẹ̀ wà: ẹni tó mú ìbọn dání á ti kí aṣọ tán kó tó béèrè ta ló wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ aṣọ tí à ń sọ, torí pé “aṣọ sójà” kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí ojú gbogbo wa mọ̀ ni aṣọ iṣẹ́, aláwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ tó rí pátapàta, tí wọ́n ń fi búùtù aláwọ̀ ilẹ̀ wọ̀. OCP làwọn sójà ń pè é. Ọdún 2015 ni Army bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Èkejì ni aṣọ búlúù, ASU: kóòtù, ṣòkòtò, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì dúdú. Ẹ̀kẹta ni AGSU, aṣọ ewé tí wọ́n rán láti jọ ti àwọn sójà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2027 ni wọ́n dá pé gbogbo sójà gbọ́dọ̀ ti ní in. Ohun tí òfin gbà fún búlúù tàbí fún AGSU, kò gbà á fún aṣọ iṣẹ́. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń dá irú awuyewuye tó wà nínú ilé yín sílẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹbí.

Ìwé òfin aṣọ Army ni AR 670-1. Ohun tó sọ nípa aṣọ iṣẹ́ ni pé aṣọ iṣẹ́ ni. Sójà lè wọ̀ ọ́ láti ilé dé báráàkì àti láti báráàkì padà sílé. Lójú ọ̀nà, ó lè yà ra epo, ó lè yà mú ọmọ níléèwé, ó lè ra búrẹ́dì. Kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ jókòó síbi tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n ń tà. Bó bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ pẹ̀lú ọtí, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọtí ló gbé e débẹ̀. Wọn ò ka aṣọ yìí sí aṣọ òde. Ní ti ọkọ̀ òfurufú tí gbogbo ayé ń wọ̀, wọn ò gbà á láyè, àfi ẹni tí wọ́n ń rán lọ sójú ogun tàbí tó ń tibẹ̀ bọ̀, ẹni tí wọ́n fún ní ìsinmi láti ojú ogun, àti irú àwọn bẹ́ẹ̀. Torí náà, àwọn sójà tí bàbá máa ń rí nínú pápákọ̀ òfurufú, tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún, ìwé àṣẹ wà lápò wọn. Ẹni tó ń lọ jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó kò sí lára wọn. Bí ọmọ yín bá jẹ́ Marine ni, ọ̀rọ̀ ì bá tún le jù báyìí lọ. Àwọn yẹn kì í fẹ́ rí aṣọ iṣẹ́ lóde rárá.

Aṣọ búlúù àti AGSU yàtọ̀. Nínú Amẹ́ríkà, sójà lè wọ èyíkéyìí nínú wọn rìnrìn àjò, yálà ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó wà ní ìsinmi, ó sì lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìnáwó kékeré ní Houston kí ẹ tó gbéra, tàbí nígbà tí ẹ bá dé, ibẹ̀ ni kó ti wọ búlúù rẹ̀ kó dán gbinrin. Ṣùgbọ́n kó wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Orúkọ rẹ̀ á wà lórí ìbòrí àpò ọ̀tún, àwọn rìbọ́n á wà lókè àpò òsì. Bó bá jẹ́ ìnáwó alẹ́ tó jẹ́ ti olówó-ẹ̀yẹ, táì olókùn kúkúrú, èyí tó dà bíi labalábá, ló máa ń so. Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ kankan bá a lẹ okùn wúrà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò nítorí kó lè gbayì. Corporal sókè ló ni okùn yẹn, Specialist ò ní í. Àwòrán báyìí máa ń balẹ̀ sórí fóònù sájẹ́ńtì rẹ̀ kí ìnáwó tó parí.

Ohun tó tún ń ba aṣọ yẹn jẹ́ lọ́wọ́ àwa Yorùbá ni ìdàpọ̀. Òfin kò gbà kí wọ́n da aṣọ ológun pọ̀ mọ́ aṣọ aráàlú. Ìyẹn ni pé kò sí fìlà aṣọ-òkè lórí kóòtù búlúù, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, kò sí kí àbúrò ìyàwó gbé agbádá lé e léjìká fún fọ́tò, kò sí kí ó bọ́ kóòtù kó fi ṣòkòtò ológun àti búbà jó. Bó bá wà níta gbangba, fìlà ológun rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí. Bó bá wọlé, á ṣí i. Kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò dúró, kò sì gbọ́dọ̀ máa rìn kó máa tẹ fóònù. Báàgì tó bá gbé kọ́ èjìká nínú aṣọ ológun gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú tàbí kó bá àwọ̀ aṣọ náà mu, kò sì ní gbé orúkọ iléeṣẹ́ kankan gàdàgbà. Ẹni bá mọ bí òde wa ṣe rí á mọ̀ pé wákàtí méjì péré lẹ̀yìn tí àwọn onílù bá dé, kò ní sí ọ̀kan tó kù nínú òfin wọ̀nyí. Ó sàn kó wọ búlúù dé ibi ìsìn, kó ya fọ́tò tó fẹ́ yà, kó lọ pààrọ̀ sí aṣọ ẹbí kí jollof tó jáde.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú ìwé kan tí iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ń pè ní Foreign Clearance Guide. Ojú ìwé náà ló ń sọ irú ìyọ̀ǹda tí ológun nílò kó tó wọ ibẹ̀, iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi béèrè ṣáájú, àti aṣọ tó gbọ́dọ̀ wọ̀. Fún ẹni tó wà ní ìsinmi tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú aráàlú lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, aṣọ aráàlú ni, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní í tọ́ka rẹ̀ sí ológun. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹwà. Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó bá ń wá sójà Amẹ́ríkà láti jí gbé tàbí láti pa lè fi ojú yan ọmọ yín láàárín igba èrò tó ń dúró de báàgì.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fi ìnáwó sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ kọjú sí ọmọ yín rèé, torí ìwé ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, aṣọ kọ́. Kó kọ́kọ́ sọ fún sájẹ́ńtì tó wà lókè rẹ̀ pé Nàìjíríà lòun ń lọ, kó má kàn sọ pé “líìfù”. Kó ka ojú ìwé Nàìjíríà nínú Foreign Clearance Guide, kó sì ṣe àwọn ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kà síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìdènà àwọn agbésùnmọ̀mí, èyí tí wọ́n ń pè ní Level I, kì í gbẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ ti lé ní ọdún kan tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè ìyọ̀ǹda nínú ẹ̀rọ APACS, tó sì máa béèrè ìsinmi nínú IPPS-A, ẹ̀rọ tí Army fi ń ṣètò ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wọn. AFRICOM, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Stuttgart ní Jámánì, ló ń mójú tó ológun Amẹ́ríkà tó bá wọ Áfíríkà, ìbéèrè rẹ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá ní ìwé-ẹ̀rí àṣírí ìjọba, tí wọ́n ń pè ní clearance, ó tún gbọ́dọ̀ jábọ̀ ìrìn àjò náà fún ọ́fíìsì ààbò wọn kó tó lọ.

Ohun tó máa ń dà á rú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáá. Àkọ́kọ́, ẹbí á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kì í padà, ìyọ̀ǹda á wá pẹ́. Ìmọ̀ràn tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ń gbé jáde fi Nàìjíríà sí ìpele kẹta nínú mẹ́rin, ìyẹn “ẹ tún un rò kí ẹ tó lọ”, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà ní ìpele kẹrin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kékeré kì í fẹ́ dá fọwọ́ sí i, tí ìwé á fi máa gòkè lọ́dọ̀ ẹni dé ẹni. Èkejì ni àdírẹ́sì. APACS fẹ́ ilé, òpópónà àti nọ́ńbà fóònù ibi tó máa dé sí gan-an; “ẹ̀yìn Mápó, ilé Bàbá Alájà” kò ní kọjá. Bó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló máa sùn lálẹ́ àkọ́kọ́ ní Ìkẹjà kó tó bọ́ sí Ìbàdàn, kó kọ méjèèjì. Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń ka ọjọ́ kù. Sójà ń rí ọgbọ̀n ọjọ́ ìsinmi lọ́dún, ìyẹn ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ lóṣù, Sátidé àti Sunday wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tó máa lò lójú òfurufú. Ẹ fi ọjọ́ méjì kún ibi tí ẹ rò pé ó parí sí, torí ọkọ̀ tó bá fò láìgbé e ní Ìkẹjà lè sọ ọ́ di ẹni tó pẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì nìyẹn náà.

Kó gbé páásípọ́ọ̀tù aráàlú lọ, kó má gbé èyí tí ìjọba fún un fún iṣẹ́ bó bá ní in. Bó bá ní ti Nàìjíríà, kó mú un dání pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Á gbà á lọ́wọ́ wàhálà físà.

Ó wá ku Nàìjíríà. Abala 110 nínú Criminal Code, tí ó gbilẹ̀ ní ìhà gúúsù, ka wíwọ aṣọ ológun tàbí aṣọ ọlọ́pàá léèwọ̀ fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ó fi aṣọ tó bá jọ ọ́, tàbí tó gbé àmì rẹ̀, kún un. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: ológun Nàìjíríà ni òfin yẹn ń sọ. Ọmọ yín kì í ṣe ológun Nàìjíríà. Lójú òfin yẹn, ọmọ Ìbàdàn kan tó wọ aṣọ tó jọ ti sójà ni. Kò sí àdéhùn kankan tó bo ẹni tó wà ní ìsinmi, kò sì ní ààbò aṣojú orílẹ̀-èdè. Bí ẹnikẹ́ni tó wá kí ìyá rẹ̀ ló rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní irú òfin yìí láti ọdún 1894, Uniforms Act ni wọ́n pè é, torí náà kì í ṣe ìwà ìkà tó wà ní Nàìjíríà nìkan.

Ká fi ìwé sílẹ̀, ká wo ojú ọ̀nà. Láti Berger dé Ìwó Road, ẹ lè bá ọlọ́pàá, ẹ lè bá Road Safety, ẹ lè bá sójà. Sójà Nàìjíríà kì í fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré. Gbogbo wa la ti rí ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò kamọ́fíláàjì sílẹ̀ lójú títì, tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kó yí nínú ẹrẹ̀, lórí ṣòkòtò tó rà ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù. Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló fa ìyẹn. Adigunjalè, ajínigbé àti Boko Haram ti fi aṣọ sójà ṣe iṣẹ́ ibi púpọ̀. Àwọn tó kó àwọn ọmọbìnrin Chibok ní oṣù Kẹrin 2014, aṣọ sójà ni wọ́n wọ̀ tí àwọn ọmọ fi kọ́kọ́ rò pé wọ́n wá gbà wọ́n là. Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín bá dúró, tí iná tọ́ọ̀ṣì bọ́ sórí OCP, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa wá sọ́kàn sójà tó wà níbẹ̀ ni pé: irú sójà wo rèé tí ń ò mọ àwọ̀ rẹ̀? Àsíá Amẹ́ríkà tó wà lápá ọ̀tún kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó máa rí i lóru. Ohun tí bàbá rò pé á ṣí ọ̀nà ló máa ní kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀.

Bó bá sì di pé ìròyìn dé Texas, wàhálà kejì bẹ̀rẹ̀. Àwọn abala kan nínú AR 670-1 jẹ́ àṣẹ tí wọ́n ń torí ẹ̀ fìyà jẹni, lábẹ́ Abala 92 òfin ológun Amẹ́ríkà. Ọ̀gá rẹ̀ lè lo Abala 15 láìgbé e dé kóòtù rárá, kó yọ ipò Specialist lára rẹ̀, kó gé owó oṣù, kó fi iṣẹ́ àṣekún kún un. Mo rò pé ọmọ yín mọ èyí, òun ni kò fẹ́ sọ fún bàbá.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí n sọ ti báàgì, torí àwọn kan á ní “kò burú, kó má wọ̀ ọ́, kó kàn gbé e dání.” Kó má gbé e. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìkẹjà ń ṣí báàgì, ohun èlò ológun ni wọ́n máa kà á sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba End User Certificate lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò fún ààrẹ, kò sì sí bí èèyàn ṣe ń gba ìyẹn fún ìgbéyàwó. Ìbátan tó bá pè pé “bùrọ̀dá, ẹ bá mi mú búùtù sójà kan bọ̀”, ẹ bá a ra sàǹdá. Ìhámọ́ra ayẹta, àpò ọta, awò tí wọ́n fi ń ríran lóru, kó má tilẹ̀ kan ojú ilẹ̀kùn yín: yàtọ̀ sí Nàìjíríà, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìgbàṣẹ. Kó yẹ báàgì tó ń lò lọ sí ibi ìdánrawò wò pẹ̀lú, kó ṣí gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo tó sá sí ìsàlẹ̀ àpò ti tó láti sọ ìrìn àjò di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Báàgì gígùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ orúkọ àti ẹ̀ka rẹ̀ sí, kó fi í sílẹ̀ nílé. Ẹrù tó rí báyìí ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ ARMY sí láyà náà, Houston ni kó ti wọ̀ ọ́.

Àǹfààní tí bàbá ń wá nínú aṣọ, inú káàdì ló wà. Nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn káàdì ológun rẹ̀, ìyẹn CAC, ni kó tẹ̀ sí ibi Known Traveler Number nígbà tí ó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ló máa gbé e bọ́ sí ìlà TSA PreCheck, ìlà àyẹ̀wò tó yá, ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè aṣọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ló ń fún ológun ní àfikún báàgì lọ́fẹ̀ẹ́, káàdì yẹn náà ni wọ́n ń wò lórí káńtà. Kó béèrè kó tó san owó, torí ẹ̀rọ tó wà níta kì í sábà yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò ní Amẹ́ríkà, kí káàdì yẹn wọ àpò inú, kó má jáde mọ́. Páásípọ́ọ̀tù ni kó máa fi hàn lójú ọ̀nà. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ní báńkì ṣe ẹ̀dà CAC. Òfin Amẹ́ríkà lòdì sí i. Bí ẹ bá dúró níbi àyẹ̀wò, kí dírẹ́bà tan iná inú ọkọ̀, kí gbogbo ọwọ́ hàn, kí àgbà tó wà nínú ọkọ̀ kí wọn ní “ẹ kú iṣẹ́”. Kó má sọ pé sójà lòun. Bó ṣe ṣeé ṣe, ẹ má gba ọ̀nà yẹn lóru rárá. Ọkọ̀ tó bá balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sùn ní Èkó.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan tó lè fi wọ búlúù ní Ìbàdàn? Ọ̀nà wà lórí ìwé. Ọ́fíìsì aṣojú ológun wà ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá, àwọn ló lè mọ̀ sí ológun tó fẹ́ wọ aṣọ níbi ayẹyẹ ní Nàìjíríà. Ayẹyẹ ológun tàbí ìpè ìjọba ni irú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìgbéyàwó ẹbí? Tèmi ni pé kó má dán an wò. Ẹ wo irú òde tí ẹ ń lọ ná. Òṣèlú á wà níbẹ̀, á fẹ́ dúró ti sójà Amẹ́ríkà ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ òfin sì ka lílo aṣọ náà fún ìṣèlú àti fún ìpolówó ọjà léèwọ̀. Ẹnì kan á lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí, nígbà tí abala 21 òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka níná owó lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀. Fídíò ẹni tó wọ aṣọ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ná owó fún ò ní pẹ́ rìn káàkiri.

Ohun tó máa tẹ́ bàbá lọ́rùn jù ni fọ́tò. Kí ọmọ wọ búlúù rẹ̀ ní Texas, kó dúró ti àsíá, kí ayàwòrán yà á dáadáa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó. Ẹ bo orúkọ ẹ̀ka rẹ̀, ẹ má sì gbé e sórí Facebook títí tó fi máa padà; òun náà kó má kọ ọjọ́ tó máa balẹ̀ àti ibi tó máa sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kó wọ aṣọ ẹbí bíi ti àwọn ẹgbọ́n rẹ̀. Alága ìdúró á ṣe ìyókù lórí makirofóònù, òfin kò sì dá ìyẹn dúró.

Àbúrò yín tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ńkọ́? Ó dúró lórí bó ṣe kúrò. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ogún ọdún yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe ọdún mẹ́rin tó gba ìwé ìdágbére. Òfin Amẹ́ríkà, 10 U.S.C. 772, gbà kí ẹni tó kúrò pẹ̀lú ẹ̀yẹ wọ aṣọ rẹ̀ láti ibi tó ti gba ìwé ìdágbére padà sílé, kó má ju oṣù mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó sìn pẹ̀lú ẹ̀yẹ nígbà ogun àti àwọn tó fẹ̀yìn tì lè wọ aṣọ ẹ̀yẹ níbi ìsìnkú ológun, ìgbéyàwó àti àwọn àyájọ́ orílẹ̀-èdè, ní Amẹ́ríkà. Aṣọ ẹ̀yẹ ni mo wí, kì í ṣe OCP. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ tó sì wà ní ilẹ̀ òkèèrè, kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ. Bó bá ń wù ú kí wọ́n mọ̀, bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n ń fi sí kọ́là kóòtù tó. Ní Ìbàdàn, kódà ìyẹn náà, inú ilé ni mo fẹ́ kó wà.

Aṣọ àwọn ọmọ kéékèèké yẹn, mà, ẹ dá a padà bí ẹni tó tà á bá ṣì ń gbà á. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní kó ẹnikẹ́ni láyà sókè, sójà kan sì lè kàn rẹ́rìn-ín kó kọjá lọ. Òmíràn lè má rẹ́rìn-ín, ẹni tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ ló sì máa bá wí. Ẹ bi ìyàwó náà léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bó bá jẹ́ Barbados, Jamaica, Saint Lucia tàbí Trinidad, òfin ibẹ̀ kò gba kamọ́fíláàjì lára aráàlú, ọmọdé tàbí àgbà, ì báà jẹ́ fìlà, àpò tàbí ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ghana náà kò gbà á, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ gba Seme kọjá lọ kí ẹbí ní Accra.

Ẹ pe ọmọ yín lónìí kó ṣí ojú ìwé Nàìjíríà nínú Foreign Clearance Guide, kó ka iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀ padà láti ọjọ́ tí yóò gbéra. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti wà nílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ṣeé yí padà.